Ológbò yín láwọ̀ wo gan-an? Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù, pẹ̀lú ìdáhùn mi

Lọ́dún tó kọjá ológbò mi sọnù, Sìsí lorúkọ ẹ̀. Mo sáré kọ ọ́ sórí WhatsApp àdúgbò wa n'Íbàdàn pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wá ológbò dúdú kan, abo ni, kò sí fótò torí fóònù tí fótò ẹ̀ wà nínú ẹ̀ ti bàjẹ́. Kó tó di alẹ́ wọ́n ti gbé ológbò dúdú méjì wá fún mi, ọ̀kan tiẹ̀ jẹ́ akọ tínú ń bí, ó ya mí lọ́wọ́ yánnayànna. Ọjọ́ kẹrin ni mo rí Sìsí ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan, òpópónà mẹ́ta péré sílé wa, wọ́n ti ń fún un lórí ẹja. Mo ní ṣé ẹ ò rí ohun tí mo kọ ni? Bọ̀dá mẹkáníìkì ní òun rí i, òun kà á dáadáa, "ṣùgbọ́n dúdú lẹ kọ, eléyìí ò dúdú, ẹ wò ó, ó ní pupa lára." Ó gbé e sínú oòrùn, òótọ́ ni, pupa wà káàkiri ara ẹ̀ bí ìgbà tí epo tàn sórí aṣọ dúdú. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bá a gbé o.

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń kà nípa àwọ̀ ológbò bí ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò, àwọn èèyàn náà wá ń fi fótò ránṣẹ́ pé kí n bá àwọn wò ó. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí, ni mo ṣe ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ síbì kan.

Àwọ̀ mélòó ni ológbò ní?

Méjì. Ẹ má bá mi jà, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ẹ mọ̀ pé àwọn baba wa, dúdú, pupa, funfun ni wọ́n fi ń pe gbogbo àwọ̀ láyé, kí búlúù àti yẹ́lò tó dé. Tó bá jẹ́ ti ológbò ni, wọ́n gbà á pátápátá. Èròjà méjì péré ló ń kun irun ológbò, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa. Funfun ní tiẹ̀ kì í ṣe àwọ̀, ibi tí èròjà kankan ò dé ni. Gbogbo àwọ̀ yòókù tẹ́ ẹ ń rí, eérú, krím, ṣokoléètì, dúdú tàbí pupa náà ni, nǹkan kan ló kàn ṣe é lójú ọ̀nà.

Torí náà ìbéèrè tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ bi ara yín ni pé: dúdú ni àbí pupa, àbí méjèèjì ló wà níbẹ̀? Ẹlòmíì á ní ológbò òun ò pupa, yẹ́lò ni, tàbí pé àwọ̀ ọsàn. Pupa ni jàre. Àwọn òyìnbó tó ń kó ológbò lọ síbi ìdíje gan-an, "red" ni wọ́n ń kọ sí ìwé ẹ̀.

Tèmi ò dúdú, kò pupa, ó kàn rí bí eérú ni.

Dúdú ni. Jíìnì, ìyẹn ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, kan wà, MLPH ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó jẹ́ kí èròjà dúdú yẹn tàn kálẹ̀ geere nínú irun. Tí jíìnì yẹn bá ti bàjẹ́, èròjà náà á máa ṣù jọ, bí ẹ̀kọ tí wọ́n rò tó wá ní kókó, tí ìmọ́lẹ̀ bá wá bọ́ sí i, eérú lojú wa máa rí. Nǹkan kan náà tó bá ṣe pupa, á di krím, àwọ̀ sányán gẹ́lẹ́, tẹ́ ẹ bá ti rí aṣọ òfì sányán rí kò tún lè ṣì yín lójú mọ́. Ológbò náà gbọ́dọ̀ gba jíìnì tó bàjẹ́ yẹn lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, ìyẹn ló fà á tí dúdú àti dúdú fi lè bí eérú táwọn èèyàn á máa wo ìyá ọmọ lójú.

Ohun kan tó máa ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé lédè àwọn òyìnbó tó ń sin ológbò, "blue" leérú yìí ń jẹ́. Kò sí ológbò búlúù níbì kankan.

Ó ní ilà lára. Ṣé ìyẹn ni tabby?

Ìyẹn ni, tabby ló sì pọ̀ jù ládùúgbò wa. Tabby kì í ṣe ẹ̀yà ológbò o, orúkọ ilà ni. Kẹ́ ẹ tó wo ara ẹ̀, orí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò: á ní ilà tó dà bíi lẹ́tà M níwájú orí, ilà kan á tún gba ìkángun ojú lọ sẹ́yìn bí ìgbà tí wọ́n lé tìróò fún un, ẹsẹ̀ àti ìrù á ní òrùka-òrùka. Ara wá ni ibi tí wọ́n ti ń yàtọ̀ síra.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni mackerel, ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ti ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ wá sí ikùn. Mackerel yìí náà ni ẹja Titus tá à ń rà lọ́jà, tẹ́ ẹ bá tún ra òmíràn ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó gé e sọ́bẹ̀, ẹ máa rí ilà náà kedere. Ìkejì ni classic, ilà tiẹ̀ fẹ̀, ó máa ń lọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn á wá yípo bí ìkarahun ìgbín. Ìkẹta, ilà á já sí wẹ́wẹ́ á di tótòtó, ẹkùn kékeré. Ìkẹrin ló máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù, wọ́n ń pè é ní ticked: kò sí ilà lára, ó kàn dà bí irun ehoro, àmọ́ ẹ wo iwájú orí ẹ̀, M wà níbẹ̀, tìróò wà níbẹ̀. Ẹ̀yà ológbò tó ń jẹ́ Abyssinian báyìí, àwọ̀ ẹ̀ nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, ẹ mú irun kan tó já sórí àga, irun láti àárín ilà sí ilà, kẹ́ ẹ gbé e sójú oòrùn. Irun kan ṣoṣo yẹn, ìdí ẹ̀ á rí bí eérú, àárín ẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ṣóńṣó ẹ̀ á dúdú. Irun tó wà lórí ilà gan-an ní tiẹ̀ á dúdú láti òkè délẹ̀. Jíìnì tí wọ́n ń pè ní agouti ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń dá èròjà dúdú dúró fúngbà díẹ̀ tírun bá ń hù, á tún fi sílẹ̀.

Ológbò igbó ilẹ̀ Áfíríkà àti Middle East tí gbogbo ológbò ilé ti ṣẹ̀ wá, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló ní. Classic ló dé kẹ́yìn. Ní 2017 àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ yẹ egungun ológbò àtijọ́ wò, ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí jíìnì classic yẹn jẹ́ ní sẹ́ńtúrì kẹrìnlá, lábẹ́ ìjọba Ottoman tó wà ní Tọ́kì, kò sì wọ́pọ̀ títí fi dé sẹ́ńtúrì kejìdínlógún. Orúkọ jíìnì náà ni Taqpep, ní 2012 ni wọ́n dá a mọ̀, òun kan náà ló ń sọ àmì tótòtó ara cheetah, ẹranko igbó kan tó jọ ẹkùn, di ilà gbàgìdì-gbàgìdì tí wọ́n á máa pè é ní king cheetah. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an, pé ológbò ìyá eléwé-ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa àti ẹranko yẹn ní gúúsù Áfíríkà, nǹkan kan náà ló ṣe wọ́n.

Dúdú ni nínú ilé, tó bá bọ́ sínú oòrùn mo ń rí ilà lára ẹ̀. Ṣé ojú mi ni?

Ojú yín kọ́. Gbogbo ológbò ló ní ilà tabby nínú jíìnì ẹ̀, ológbò dúdú kàn ní nǹkan tó bò ó mọ́lẹ̀ ni. Oòrùn á tú u fó, pàápàá lára ọmọ ológbò, ìrù ẹ̀ á máa ní òrùka bí ẹ̀mí àìrí, tó bá dàgbà á lọ.

Ohun kejì tó lè jẹ́ ni ìpàrẹ́. Oòrùn máa ń pa irun dúdú láró, á wá pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Oúnjẹ náà wà níbẹ̀: ológbò nílò èròjà kan tó ń jẹ́ tyrosine láti fi ṣe àwọ̀ dúdú, inú ẹran àti ẹja ló sì wà, ológbò dúdú tẹ́ ẹ bá ń fi ẹ̀bà àti omi ọbẹ̀ bọ́ á pọ́n lọ́wọ́ yín. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti Sìsí mi? Ẹ ya irun ọrùn ẹ̀ sí méjì kẹ́ ẹ wo ìdí ẹ̀. Tó bá jẹ́ òkè nìkan ló pọ́n tí ìsàlẹ̀ ṣì dúdú, ìpàrẹ́ ni. Tó bá pupa dé ìdí lójú ibì kan tí ibi tó tẹ̀ lé e sì dúdú dé ìdí, pupa gidi ni.

Tẹ́ ẹ bá sì ya irun yẹn tẹ́ ẹ rí i pé ìdí ẹ̀ funfun, òkè nìkan ló dúdú, smoke nìyẹn, dúdú olóòjò bí èéfín. Tabby tó bá ní ìdí funfun bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní silver. Ìdàkejì ẹ̀ náà wà: ní Finland, láti 2007, wọ́n ń rí àwọn ológbò tí irun wọn dúdú nídìí tó wá ń funfun bó ṣe ń lọ sóńṣó, 2024 ni wọ́n tó tẹ àlàyé jíìnì ẹ̀ jáde, salmiak ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ súìtì dúdú kan tí wọ́n máa ń jẹ níbẹ̀.

Kí ló dé tí gbogbo ológbò pupa fi ní ilà, tí akọ sì pọ̀ nínú wọn?

Ilà ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń bo ilà mọ́lẹ̀ lára ológbò dúdú yẹn, èròjà dúdú nìkan ló lágbára lé lórí, kò ríran pupa. Nítorí náà ilà ológbò pupa ò níbi tó máa sá pamọ́ sí. Ẹni tó bá ní ológbò òun pupa porogodo láìní ilà, ẹ ní kó wo iwájú orí ẹ̀ lójú oòrùn.

Ti akọ, orí krómósóòmù X, ọ̀kan lára àwọn okùn tó ń ru jíìnì nínú ara, ni jíìnì pupa wà. Akọ ní X kan àti Y kan, abo ní X méjì. Akọ tó bá ti gba ọ̀kan tó pupa lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀, ó ti parí nìyẹn, pupa ni. Abo ní láti gba pupa lọ́dọ̀ bàbá, kó tún gbà á lọ́dọ̀ ìyá. Ìyẹn ló jẹ́ kó jẹ́ pé nínú ológbò pupa márùn-ún, nǹkan bíi mẹ́rin ni akọ. Ó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti fura pé ọ̀rọ̀ akọ àti abo ni, àmọ́ jíìnì náà gan-an ò ṣeé mú, àfìgbà tó di May 2025 tí ikọ̀ méjì, ọ̀kan láti Stanford l'Amẹ́ríkà, ọ̀kan láti Kyushu ní Japan, tẹ iṣẹ́ wọn jáde: ègé kékeré kan tó tó nǹkan bíi 5,000 lẹ́tà DNA ló já kúrò nítòsí jíìnì ARHGAP36. Ègé tó sọnù ló ń pọ́n ológbò.

Dúdú àti pupa pa pọ̀ lára ẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀hẹ̀n, ti Sìsí nìyẹn, ibẹ̀ ló dùn jù sí mi. Tí ò bá ní funfun, tortoiseshell ni, tó bá ní funfun, calico. Tó bá jẹ́ eérú àti sányán ló pọ̀ mọ́ra, òun náà ni, èyí tó fẹ́lẹ́.

Abo tó gba X pupa lọ́dọ̀ òbí kan, tó gba X tí ò pupa lọ́dọ̀ èkejì, ara ẹ̀ ò lè lo méjèèjì pa pọ̀. Nígbà tó ṣì wà nínú ikùn ìyá ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan á ti mú X kan pa, á máa lo èkejì, kò sí ẹni tó sọ èyí tó máa mú fún un, gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó bá sì ti ara ẹ̀ jáde á máa tẹ̀ lé ìpinnu yẹn títí ayé. Obìnrin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Mary Lyon, ló gbé àlàyé yìí jáde ní 1961. Torí náà ibi tẹ́ ẹ ti ń rí pupa lára Sìsí, ọmọ-ọmọ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó yan pupa ni wọ́n. Tí funfun bá wọ ọ̀rọ̀ náà, pupa àti dúdú máa ń kóra jọ síbì kan ní gbàgìdì dípò kí wọ́n pò pọ̀, ìdí nìyẹn tí calico fi máa ń rí bí aṣọ tí wọ́n lẹ̀.

Kò sí méjì irú wọn, mo sì ní ẹ̀rí. Lọ́jọ́ 22 oṣù December 2001, Yunifásítì Texas A&M l'Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀dà ológbò àkọ́kọ́ láyé, wọ́n sọ ọ́ ní CC. Calico tó ń jẹ́ Rainbow ni wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì lára ẹ̀. Nígbà tí CC jáde, tabby pẹ̀lú funfun ni, pupa kankan ò sí lára ẹ̀, bẹ́ẹ̀ jíìnì wọn ò yàtọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú yẹn ti pa X pupa tiẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ sanwó ẹ̀dà calico ẹ̀ kó rántí CC o.

Akọ wá lè láwọ̀ mẹ́ta?

Ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní X méjì àti Y kan, wọn kì í sì í sábà lè bímọ. Kẹ́ ẹ tó máa pariwo pé ẹ ti rí ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún gbé ìrù sókè kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Nínú márùn-ún tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí mi, abo ni márààrún.

Ológbò funfun láwọ̀ kan nísàlẹ̀ àbí kò ní?

Ó ní. Funfun kàn bò ó ni, bí ẹni da aṣọ bora. Ológbò funfun báláú lè jẹ́ tabby tàbí dúdú nínú jíìnì, tó bá bímọ lẹ ó rí i. Ọmọ ológbò funfun míì tiẹ̀ máa ń ní àbàwọ́n kékeré kan lórí nígbà tí wọ́n bá bí i, bí ẹni fọwọ́ tó ní èédú kàn án, tó bá dàgbà á pòórá. Àbàwọ́n yẹn ló ń tú àṣírí.

Ẹ kíyè sí etí ẹ̀ tójú ẹ̀ bá jẹ́ búlúù. Ó ti pẹ́ tí Darwin, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ pé ológbò funfun olójú búlúù sábà máa ń dití. Kì í ṣe gbogbo wọn, tó bá sì jẹ́ ojú kan ló búlúù, etí ẹ̀gbẹ́ yẹn ló sábà máa ń bàjẹ́. Ẹ bọ́ sẹ́yìn ẹ̀ níbi tí ò ti rí yín kẹ́ ẹ mi ìke oúnjẹ ẹ̀, ojú ẹsẹ̀ lẹ máa mọ̀. Adití ò gbọ́dọ̀ máa rìn lójú títì, kò ní gbọ́ ọ̀kadà. Oòrùn wa yìí náà ò ṣeé fojú di: etí àti imú tó funfun lè ní jẹjẹrẹ látàrí oòrùn, egbò orí etí tí ò bá jinná, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Funfun díẹ̀ ló ní. Kí ni mo máa pè é?

Ibi tó wà àti bó ṣe pọ̀ tó ni kẹ́ ẹ sọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe àwọ̀, ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń gbéra nígbà tí ológbò wà nínú oyún, ibi tó jìnnà jù ni wọn kì í sábà dé: ẹsẹ̀, àyà, ikùn, ẹnu. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyà ni locket. Dúdú tó ní funfun láyà, láàárín ojú àti lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ẹni wọ kóòtù lọ sí ìgbéyàwó, tuxedo. Funfun gbogbo ara tí àwọ̀ wà lórí àti nírù nìkan, van. Tí ò bá bọ́ sí èyíkéyìí, "dúdú àti funfun" ti tó, kò sẹ́ni tó máa mú yín.

Siamese ńkọ́, tí ojú, etí, ẹsẹ̀ àti ìrù nìkan dúdú?

Àwọ̀ tiẹ̀ kì í fẹ́ ooru. Èròjà tó ń ṣe dúdú lára ẹ̀, ibi tára bá ti tutù nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ìkángun ara. Inú ikùn ìyá gbóná, torí náà funfun ni wọ́n ń bí wọn. Tí dókítà bá fá irun ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ, irun tuntun lè hù dúdú jù tàtẹ̀yìnwá lọ. Ojú wọn búlúù ni, kò sí ìmíì.

Ṣé àwọ̀ lè sọ ẹ̀yà ẹ̀ fún mi?

Rárá. Eérú kì í ṣe Russian Blue, tótòtó kì í ṣe Bengal. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó ńlá lọ́wọ́ yín nítorí àwọ̀, ẹ ní kó mú ìwé ìran ẹ̀ wá.

Wọ́n ní dúdú ni àjẹ́ máa ń wọ̀.

Ó dáa. Dúdú tí mo gbà sílé lásìkò tí Sìsí sọnù, akọ oníjàgídíjàgan ọjọ́ yẹn, ó ṣì wà lọ́dọ̀ mi, èkúté ló ń jẹ.

Tèmi bá sọnù, báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́?

Ẹ má dúró dìgbà tó bá sọnù. Lónìí, ní ojúmọmọ, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù yẹ́lò, ẹ ya fótò ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì, iwájú orí, àyà, àtẹ́lẹsẹ̀ àti ìrù. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ò bára mu lára classic àti calico, ẹni tó bá rí ẹ̀gbẹ́ kan lè ní kì í ṣe òun. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ kọ ọ́, akọ tàbí abo, lẹ́yìn náà dúdú tàbí pupa, ilà, funfun, ojú, kẹ́ ẹ wá fi ohun kan tí ẹnikẹ́ni lè rí láti òkèèrè kún un. Ti Sìsí wà nínú fóònù mi báyìí, báyìí ló ṣe lọ:

"Abo. Dúdú àti pupa pa pọ̀, kò ní funfun rárá. Láti òkèèrè ẹ lè rò pé dúdú ni. Ilà pupa kan là á níwájú orí, ó já sápá òsì imú. Ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún pupa, èyí tó kù dúdú. Ojú àwọ̀ ewé. Ṣóńṣó ìrù dúdú."

Kẹ́ ẹ wá fi àmì kan pamọ́, ẹ má kọ ọ́ síbì kankan, ẹ má sì jẹ́ kó hàn nínú fótò. Àwọn kan máa pè yín pé àwọn ti rí i, kẹ́ ẹ fi owó ránṣẹ́ kí àwọn fi wọkọ̀ gbé e wá. Ẹ bi wọ́n ní àmì yẹn. Sìsí náà ní tiẹ̀, ó wà lábẹ́ ikùn lọ́hùn-ún, ó rí bíi... rárá o, ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀.